Mo Fẹnu Pa Ìyá Mi Nítorí Ihò Bọ́tìnnì

Ìyá mi wà láyé. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ìyẹn ṣáájú, nítorí títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan ṣì wà ládùúgbò wa tí wọ́n máa ń wo màmá náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kí i.

Ẹni tó pa á kò jìnnà. Èmi ni. Mi ò fi ọ̀bẹ pa á, mi ò sì fún un ní májèlé jẹ. Ẹnu lásán ni mo fi pa á, lórí fóònù, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn mi.

Télọ̀ ni mí. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi, kọ́tìnnì kan ló wà láàárín òun àti pálọ̀. Ojú Àṣá ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo lè fi òwú sí abẹ́rẹ́ kí n máa bá èèyàn jiyàn lọ, kí n má tiẹ̀ wò ó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi okùn so awò ojú mọ́rùn, èmi ni mo sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù láàárín àwa ọmọ iṣẹ́. Mo ní télọ̀ tó bá ti di olójú mẹ́rin, kó yáa lọ máa ta òwú.

Ọlọ́run gbọ́ mi. Nígbà tí mo lé ní ogójì ọdún, ihò abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ ni wọn ò lu ihò rẹ̀ dáadáa mọ́. Mo pààrọ̀ ibi tí mò ń rà á. Mo pààrọ̀ gílóòbù. Mo bú àwọn tó ń ṣe òwú. Gbogbo ayé ni mo dá lẹ́bi, ojú mi nìkan ló kù.

Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ó ní, "Bàbá Péléńgẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa yẹ ojú yín wò."

Mo ní, "Ojú ta ni? Ojú Àṣá?"

Ó ní, "Àṣá náà máa ń darúgbó."

Mo bínú sí i títí di ọjọ́ kejì.

Péléńgẹ́ ni ọmọ wa, òun nìkan la bí. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló rí láti kékeré, ni gbogbo èèyàn bá ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dé ilé ìwé. Ọdún yẹn ló wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn, ìdánwò kan ló sì kù kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ wọ ilé ìwé girama. Kò sí ohun mìíràn tó ń sọ. Bó bá ń jẹun, ilé ìwé girama ni. Bó bá ń fọ abọ́, ilé ìwé girama ni.

Ẹ wá wo ohun tí èmi bàbá rẹ̀ ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni. Ìyá rẹ̀ ti lọ sẹ́nu iṣẹ́, nítorí kí ojú tó mọ́ ni obìnrin yẹn máa ń jáde. Péléńgẹ́ ti wọ aṣọ ilé ìwé, báàgì ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fi òwú gún afẹ́fẹ́.

"Bàámi, ẹ mú un wá."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ètè kan òwú, ó ti wọlé. Ló bá wo kọ́là tí mò ń rán lọ́wọ́.

"Bàámi, kọ́là yìí wọ́."

"Wọ́ bí i ti báwo?"

"Apá kan ń wo iwájú, apá kejì ń wo ẹ̀yìnkùlé."

"Ìwọ náà jókòó tún un ṣe, jàre. Ìṣẹ́jú kan péré."

Ìṣẹ́jú yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ó tó ọ̀sán kó tó parí.

Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Ọmọ náà lọ́wọ́! Ihò bọ́tìnnì tí èmi máa rán bíi pé eku ló jẹ ẹ́, tirẹ̀ á mọ́ roro. Oníbàárà wá, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó ní, "Ojú Àṣá! Ojú yín ò dẹ̀ ṣiṣẹ́ rí bí eléyìí!" Mo gbá àyà. Mo ní Ọlọ́run ló ń ṣe é. Ọmọ tó ṣe é gan-an wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń jẹ bísíkíìtì tí mo fi tù ú lójú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo tún ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó yá, mi ò tiẹ̀ sọ iye ìṣẹ́jú mọ́.

Àwáwí ò sì wọ́n mi. Mo máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀ nídìí máṣìnnì: "Ṣebí ẹ̀kọ́ náà ni mò ń kọ́ ọ. Ọmọ tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ ò ní jìyà. Àwọn tó kàwé ọ̀hún ńkọ́? Ṣebí èmi náà ni wọ́n ń gbé ṣòkòtò wá bá tí ìdí rẹ̀ bá ya." Bí mo bá sọ ọ́ tán, èmi náà á gba ara mi gbọ́. Kò sí ẹni tó rọrùn láti tàn jẹ bí ọlẹ tó ń wá àwáwí.

Tíṣà rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lórí fóònù. Mo fún ọmọ mi ní ibà. Mo fún un ní eyín dídùn. Mo fún un ní inú rírun. Ọmọ tó ń fo ìgbálẹ̀ kọjá nínú ṣọ́ọ̀bù lójú mi!

Péléńgẹ́ bi mí pé, "Bàámi, tí Tíṣà bá bi mí léèrè ńkọ́?"

"Sọ pé ara ẹ ò yá."

"Ṣùgbọ́n ara mi yá."

"Ṣé gbogbo ara náà ló yá? Kò síbì kankan tó ń dùn ọ́?"

Ó ronú. Ó ní, "Ìka mi."

"Ó dáa. Kì í ṣe irọ́ nìyẹn. Má sì sọ fún ìyá ẹ o, kó má baà dààmú."

"Ẹ̀ẹ́n, Bàámi."

Màmá mi nìkan ló ń fẹ́ dà mí láàmú. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, orí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí ló sì máa ń wà, tí á máa ṣa bọ́tìnnì.

"Ọkọ mi, ọmọ yìí ò lọ ilé ìwé lónìí?"

"Wọ́n gba ìsinmi, Màmá."

"Ìsinmi wo? Mo rí àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń lọ."

"Kíláàsì tiwọn nìkan ni."

Màmá wò mí láti òkè délẹ̀. "Hẹ̀n-ẹ́n. Kíláàsì tiwọn nìkan."

Ìgbà náà ni iṣẹ́ ńlá kan wọlé. Ẹ wá gbọ́ irú iṣẹ́ tó jẹ́: aṣọ ilé ìwé ni. Ilé ìwé mìíràn ló gbé e wá, ṣẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ, bọ́tìnnì láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Mo dá ọmọ tèmi dúró nílé kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ lè rí aṣọ wọ lọ sílé ìwé. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi.

Ọjọ́ tí wọ́n máa wá kó o, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Péléńgẹ́ jáde sí mi pẹ̀lú aṣọ tó ti lọ̀ fúnra rẹ̀, pẹ́ńsùlù méjì lọ́wọ́.

"Bàámi, mò ń lọ o. Òní ni ìdánwò."

Mo wo òkìtì ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ku èyí tó pọ̀ tí ò tíì ní ihò kankan lára.

"Ìdánwò èwo?"

"Ti ilé ìwé girama, Bàámi. Mo sọ fún yín lánàá. Mo tún sọ fún yín níjẹta."

"Ṣé kì í ṣe ọ̀sán ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ é? Bá mi ṣe díẹ̀, wàá sáré lọ."

"Àárọ̀ ni, Bàámi."

"Mo ní wàá sáré lọ!"

Ó jókòó. Kò bọ́ báàgì lẹ́yìn. Ó ń rán an, báàgì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo rí i. Ibi tí ojú mi burú dé, mo rí ìyẹn, mo sì ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Fóònù dún. Tíṣà ni.

"Bàbá Péléńgẹ́, a ò rí Péléńgẹ́ o. Wọ́n ti ń ṣe ìdánwò! Kí ló tún dé? Ṣé ibà ni, àbí eyín?"

Bó ṣe pe eyín yẹn, mo mọ̀ pé eyín ti tán lẹ́nu mi. Mo nílò nǹkan tó jù eyín lọ. Mo yíjú, mo rí Màmá mi láàárín kọ́tìnnì. Ó ti jẹun àárọ̀ tán, ó yán, ó na ara, ó wọ yàrá lọ láti lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

Ọgbọ́n burúkú kan bá sọ sí mi lórí. Mo mí kanlẹ̀.

"Tíṣà... Màmá mi. Wọ́n ti lọ sinmi."

"Yéè!" Tíṣà pariwo. "Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí náà ni. Bí wọ́n ṣe jẹun tán."

"Ṣé wọ́n ṣàìsàn ni?"

"Rárá o. Ó kàn rẹ̀ wọ́n ni."

"Háà! Ṣé wọn ò jẹ̀rora?"

"Rárá, Tíṣà. Wẹ́rẹ́ báyìí ni wọ́n dùbúlẹ̀."

Ẹ wò ó dáadáa, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ò ṣẹ́ kù tí kì í ṣe òótọ́. Ohun tó ń mú orí mi wú nìyẹn. Àfi bí Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun nínú yàrá, tí mo fi sáré bo fóònù mọ́ àyà.

Ohùn Tíṣà ti yí padà. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ará fẹ́raakù. Ẹ má ronú ìdánwò rárá. Mo máa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, wọ́n á jẹ́ kó ṣe tiẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀."

Mo fi ohùn ẹkún dúpẹ́. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jó yí tábìlì ká.

Péléńgẹ́ ń wò mí. "Bàámi, ṣé Màmá ti kú ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé o gbọ́ ikú lẹ́nu mi?"

"Rárá."

"Kí ni mo ní?"

"Ẹ ní wọ́n lọ sinmi."

"Ṣé wọn ò sinmi ni?"

Ó tẹ́tí sí bí Màmá ṣe ń hanrun, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo kọ́ ọ. Ó wá bọ́ báàgì lẹ́yìn.

Kò tán síbẹ̀ o. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo rò ó pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í sáré padà sí ilé ìwé. Ní mo bá tún dá a dúró. Òkú tí ò kú, mo ń jẹ èrè rẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wọ abẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mò ń fọwọ́ tá ilẹ̀ kiri. Aṣọ gígùn bo tábìlì náà dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi nìkan ló kù síta. Péléńgẹ́ wà ní pálọ̀, ó ń lọ aṣọ. Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì.

Mo gbọ́ tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn Tíṣà.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Ẹ kú ará fẹ́raakù o."

Mo gbàgbé abẹ́rẹ́.

Ohùn ọkùnrin kan tẹ̀lé e. Ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ ni. "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Màmá. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Màmá ní, "Àmín. Ṣùgbọ́n ta ló kú?"

Tíṣà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọ̀gá, wọn ò tíì sọ fún wọn. Ẹ̀yin náà rọra o, àgbàlagbà ni wọ́n."

Màmá tí etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ ní, "Ẹ sọ ọ́, mo lè gbọ́ ọ. Ta ló kú?"

Ọ̀gá ilé ìwé rọra sọ pé, "Ìyá télọ̀ ni, Màmá."

"Ìyá télọ̀ wo?"

"Télọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Nígbà wo ló kú?"

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀."

Màmá ń fi ìka ka ọjọ́. Ó ní, "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Mo sì tún jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà."

Mo wà lábẹ́ tábìlì, mo ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu. Ilẹ̀ ò dá mi lóhùn. Mo rò ó pé bí mo bá dúró jẹ́ẹ́, bóyá wọ́n á rò pé ẹsẹ̀ ère tí wọ́n ń fi aṣọ hàn ni.

Péléńgẹ́ bá yọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

Tíṣà ní, "Péléńgẹ́, ṣé Màmá yìí kọ́ ni ìyá bàbá ẹ?"

Àárín aṣọ tábìlì ya díẹ̀, mo ń yọjú wò ó níbẹ̀. Ọmọ náà wo Màmá. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Kò pẹ́ rárá. Ó mí kanlẹ̀.

"Rárá, Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá mi ni wọ́n. Ìyá bàbá mi ló kú. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú."

Ohùn mi ni. Ohùn tí mo fi bá Tíṣà sọ̀rọ̀ lórí fóònù gan-an ni, ó gbé e tààrà, títí dé mímí kanlẹ̀ yẹn. Omi tiẹ̀ ti wà lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ọmọ mi bà mí. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán.

Màmá gbé abọ́ bọ́tìnnì sílẹ̀. "Péléńgẹ́."

"Màmá."

"Èmi ni mo kú?"

Ọmọ náà gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Màmá ò tiẹ̀ yíjú, ó ní, "Ẹni tó wà lábẹ́ tábìlì, jáde."

Mo rá jáde. Okùn òwú lórí mi, eruku lójúgun mi.

Ọ̀gá ilé ìwé wò mí. "Bàbá Péléńgẹ́, ṣé abẹ́ tábìlì lẹ ti ń ṣọ̀fọ̀ ni?"

"Mò ń wá abẹ́rẹ́ ni, ọ̀gá."

"Ṣé ẹ rí i?"

"Rárá, ọ̀gá."

Péléńgẹ́ tó ń sunkún na ìka. "Ó wà lápá ẹ̀wù yín, Bàámi."

Màmá ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ojú ẹ̀ ló ti lọ! Ó ti lọ tipẹ́! Ó ní òun ò ní lo awò, pé wọ́n á ní òun ti darúgbó. Ojú ọmọ yìí ló ń fi ríran!"

"Irọ́ ni," ni mo wí. Ẹ ò rí i pé mi ò tíì kọ́gbọ́n? "Ojú Àṣá ni wọ́n ń pè mí."

Ọ̀gá ilé ìwé yọ abẹ́rẹ́ lápá mi, ó kó òun àti òwú lé mi lọ́wọ́. "Ẹ fi sí i, Ojú Àṣá."

Mo gbìyànjú. Mo fi gún òkè, mo fi gún ìsàlẹ̀. Mo sún mọ́ fèrèsé. Òógùn ń bọ́ lójú mi. Péléńgẹ́, tí kò tíì sunkún tán, na ọwọ́, ó gbà á, ó fi ètè kan òwú, ó tì í wọlé, ó dá a padà fún mi. Mi ò rò pé ó mọ ohun tó ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Tíṣà bo ẹnu. Ó ní, "Ìyẹn ni pé ibà yẹn..."

Mo ní, "Èmi ni ibà náà, Tíṣà."

Ọ̀gá ilé ìwé ò rẹ́rìn-ín. "Àyè tí a fún ọmọ yìí láti ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Ajé, àyè ọlọ́fọ̀ ni. Kò sí òkú, kò sí àyè. Ó máa tún kíláàsì kà."

Ẹkún Péléńgẹ́ dá wáí. Ó kàn ń wò mí.

Màmá dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé fò dì í mú. "Háà, Màmá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ṣé ẹ ti rí òkú tó ń bẹ èèyàn rí? Òkú ló ń bẹ yín. Ẹ wá kí ọ̀fọ̀ mi, ẹ ò sì lè bá mi ṣe ohun tí mo fẹ́? Ẹ fìyà jẹ ọmọ tí mo bí bó ṣe wù yín. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ṣe ìdánwò."

Ọkùnrin náà wojú òrùlé, ó ń gbìyànjú láti di ẹnu mú. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin bàbá, láti ọ̀la lọ, ẹ̀yin lẹ ó máa mú un wá fúnra yín, ẹ ó sì fà á lé Tíṣà lọ́wọ́. Ẹ má pè é ní ìyà o. Iṣẹ́ yín ni tẹ́lẹ̀."

Mo ní mo gbọ́.

Ìyàwó mi dé nírọ̀lẹ́. Màmá rò fún un. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó jókòó, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀, ó ní, "Mo ń jí kí ojú tó mọ́ kí ọmọ yìí lè kàwé. Ẹ̀yin wà nílé tì í, ẹ ń jí ìwé náà kó." Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ká ní ó bú mi ni, ìbá sàn fún mi.

Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ojú wò. Nígbà tí mo gbé awò sójú, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo wo àwọn aṣọ tí mo ti rán kọ́ síbẹ̀. Yéè, ẹ̀yin èèyàn mi! Ṣòkòtò aláwọ̀ aró tí mo fi òwú dúdú rán! Ìṣẹ́tí tó ń gun òkè sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó mutí! Mo wá mọ ìdí tí àwọn oníbàárà kan fi ń kí mi láti òdìkejì ọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín ara mi.

Mo wá pe Péléńgẹ́ kó wá wo bí awò ṣe bá mi mu. Ó nawọ́ láti bá mi tún un ṣe létí, mo sì rí ìka rẹ̀. Gbogbo orí ìka náà ni abẹ́rẹ́ ti gún. Èyí tó ti gbẹ wà níbẹ̀, èyí tó ṣì pọ́n wà níbẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún mi pé ìka ń dun òun, èmi ni mo sọ ọ́ di àwáwí. Ojú tì mí débi pé mo bọ́ awò náà kúrò.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ṣe ìdánwò. Gbogbo ọjọ́ tó wà láàárín, ìyá rẹ̀ jókòó tì í, Tíṣà náà ràn án lọ́wọ́. Mo gbàdúrà bí ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí.

Èsì jáde. Péléńgẹ́ yege nínú kíkà, ó yege nínú kíkọ. Ìṣirò gbé e ṣubú, ẹni tó bá sì ṣubú nínú ọ̀kan kò ní wọ ilé ìwé girama lọ́dún yẹn.

Mo rò pé ó máa sunkún. Kò sunkún. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ó ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń ṣàlàyé nǹkan fún oníbàárà.

"Bàámi, ìdá ni wọ́n bi wá jù. Ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin. Ọjọ́ tí mò ń ṣe ihò bọ́tìnnì aṣọ ilé ìwé yẹn ni wọ́n kọ́ wọn."

Kò fi bínú rárá. Ó kàn fẹ́ kó yé mi ni.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa nínú aṣọ ilé ìwé girama tuntun. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n juwọ́. Nígbà tí mo jáde láti pè é, mo bá a nídìí máṣìnnì. Ó ti gbé ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà lé e.

"Péléńgẹ́, wọ aṣọ ilé ìwé ẹ, ká máa lọ."

"Bàámi, ẹ jẹ́ kí n dúró. Ihò bọ́tìnnì ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwé ni mi ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ní ọmọ tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ ò ní jìyà."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá fi ń rọ ọmọ, mo ti fi ẹnu ara mi bà á jẹ́ lójú rẹ̀. Bí mo bá ní ìwé dára, ó mọ ohun tí mo fi ìwé ṣe. Bí mo bá ní òótọ́ ni mò ń sọ, ó mọ bí mo ṣe ń sọ òótọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ kọ́ lo kùnà ìdánwò yẹn. Èmi ni."

Ó ń wo máṣìnnì. Ó ní, "Mo mọ̀, Bàámi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mo ti gba ìbáwí lẹ́nu ìyàwó, mo gbà lẹ́nu ìyá, mo gbà lẹ́nu ọ̀gá ilé ìwé. Kò sí èyí tó dùn mí dé egungun bí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn.

Mo lọ mú bàtà rẹ̀ wá. Mo wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀, mo di okùn rẹ̀. Ó jẹ́ kí n di í. A rìn dé ilé ìwé. Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n máa jọ wà ní kíláàsì ń sáré wọlé, èjìká rẹ̀ ni orí wọn mọ. Ó wò wọ́n, ó wẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ẹ máa lọ, Bàámi. Wọ́n ń wò wá."

Mi ò lọ. Mo dúró lẹ́yìn ọgbà, lábẹ́ fèrèsé kíláàsì wọn, títí mo fi gbọ́ tí Tíṣà ń pe orúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan Péléńgẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ṣùgbọ́n ó dáhùn.